Èdè Kékeré Tí Wọ́n Fi Tún Ìwé Orin Tò

Àìná kì í gbé ẹrù tí kò nílò. Bó bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wọn, àpò kan náà ló máa gbé, ì báà jẹ́ ọjọ́ méjì ló fẹ́ lò níbẹ̀, ì báà jẹ́ oṣù méjì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Bompai ní Kano, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá, síbẹ̀ tí ohun tó lè rántí kò tó èyí tí fóònù ọmọdé ń rántí lónìí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé ẹni tó bá fi àyè inú kọ̀ǹpútà ṣòfò láàárọ̀, kò ní rí i lò lálẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí ọkọ rẹ̀ sì ti lọ sinmi, ó jókòó sí yàrá méjì rẹ̀ ní Enugu Road, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ó ń bá ayé rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Adémúyìwá, àbúrò rẹ̀, kò fi ibì kankan jọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹrù. Wòlíì ni, òun ló ń darí ìjọ Àládùúrà Òkè Ìtùnú ní Sabon Gari, ẹ̀ka mẹ́rìnlá ló sì wà lábẹ́ wọn káàkiri òkè ọya. Bí ohun tuntun kan bá dé, kí ẹni tó mú ìròyìn wá tó sọ̀rọ̀ tán, Wòlíì ti ń béèrè ibi tí òun á ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú. Àìná, tí òun náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń bọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní a, b, d, òun náà ló tún kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà nígbà tó dàgbà. Nítorí náà, bí wọ́n bá wà lójú ìjọ, "Wòlíì" ni Àìná ń pè é, á sì fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ti wọ yàrá tí ilẹ̀kùn sì ti padé, ó di Adé, Adé náà á sì mọ̀ pé ọmọ lòun.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe ìwé orin orí kọ̀ǹpútà tí ìjọ ń lò láti ọdún méjìlá. Òun ni wọ́n fi ń tan ọ̀rọ̀ orin sára ògiri nígbà ìsìn. Kì í ṣe ìwé orin lásán. Nínú ìjọ wọn, Ẹ̀mí a máa fi orin tuntun hàn. Èèyàn kan á kàn bẹ̀rẹ̀ orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí láàárín ìsìn, akọ̀wé á yára kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù tí òmíràn kì í kún un. Nítorí ìdí èyí, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló ń tún ìwé orin náà tò fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka rẹ̀: á kó orin tuntun jọ, á yẹ àmì ohùn wò, á to atọ́ka orúkọ orin ní a-b-d, á wá jẹ́ kí kọ̀ńpáílà, ìyẹn ohun tó ń yí ìwé tí èèyàn kọ padà sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Wọn kò lè tò ó ní Kano kí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n ti gbó ju ara wọn lọ ni. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà. Àìná kọ wọ́n sórí ìwé kan, ó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, ó fún akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Yàtọ̀ sí kọ̀ńpáílà yẹn, tó kéré, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ní láti gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn.

Nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n ṣe Ìkórè, Adémúyìwá rí irinṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á kọ gbogbo ohun tó fẹ́ kí irinṣẹ́ náà ṣe sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa tẹ̀, irinṣẹ́ á sì sáré gba ìgbésẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá kọjá, bó bá rí àṣìṣe, á sọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé Python sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Adémúyìwá kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lórí Wásáàpù, lẹ́yìn náà ló wá pe Àìná sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́rú pé kó wá wò ó.

Súútánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì tíì wọ bàtà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ìlà ọ̀rọ̀ ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí orin àkọ́kọ́ fi hàn lára ògiri pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìgbà tó ń gbé ìwé ilé ẹ̀kọ́ wá fún un láti wo máàkì. Àìná mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun náà dára. Ó ní ó ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bi í bó ṣe wúwo tó.

Adémúyìwá rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló tún ń wọn nǹkan láyé tí a dé yìí, pé fóònù àwọn ọmọ tó ń ta káàdì ní ẹnu ọ̀nà gan-an tó gbé e. Àìná gbé àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, bó ti ń sá aṣọ, fóònù rẹ̀ dún. Ògo ni, akọ̀wé ẹ̀ka Gashua. Ọmọ Enugu Road ni Ògo. Àìná ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kó tó lọ sílé ọkọ ní Gashua. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rín kí èèyàn ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìkíni rẹ̀ tutù. Ó ní ọjọ́ kẹta rèé tí òun ti ń gbìyànjú láti gbé ohun tí Wòlíì fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já a lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó sì wá wọlé tán, kọ̀ǹpútà ní àyè kò tó. Àìná mọ irú kọ̀ǹpútà náà, àwọn pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ti lẹ ibi ìkóhunsí wọn mọ́ inú, tí kò ṣeé yọ, tí kò ṣeé fi kún. Ohun tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà ró fúnra rẹ̀ ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ògo ní, "Màmá, I don tire. Mo ti pa fọ́tò ìgbéyàwó wa rẹ́. Ó ní kò tó. Mo pa àwọn fídíò Tolúwalọpẹ́ rẹ́, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ṣì ní kò tó. Èwo ni kí n tún pa rẹ́?"

Ọwọ́ Àìná dúró lórí okùn aṣọ. Ó bi í bóyá àwọn fídíò náà wà níbòmíràn. Ògo ní fọ́tò ìgbéyàwó wà lórí fóònù ọkọ òun, pé àmọ́ fóònù tí òun fi ya fídíò ti bọ́ sómi lọ́dún tó kọjá, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n kù sí. Ó ní òun rò pé bí iṣẹ́ Ọlọ́run bá nílò àyè, òun ló yẹ kí òun yọ tara òun kúrò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ń ráhùn.

"Má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́," Àìná wí. "Ṣé o gbọ́ mi? Pa kọ̀ǹpútà yẹn, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò sá aṣọ tó kù mọ́. Ó wọ bàtà, ó gba ojú títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń ṣe ìdánrawò nígbà tó dé, Wòlíì sì jókòó láàárín wọn. Ó kí wọn, ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ fún Wòlíì pé, "Mo fẹ́ rí yín, ẹ jọ̀ọ́ sà." Bí ilẹ̀kùn ti padé lẹ́yìn wọn, kò gbé ohùn sókè. Ó sọ gbogbo ohun tí Ògo sọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

"Adé," ló wí nígbà tó sọ ọ́ tán, "ó pa ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé láyé rẹ́, kó lè rí ibi gbé irinṣẹ́ rẹ sí."

Adémúyìwá jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń kó àbẹ́là sí. Kò gbèjà ara rẹ̀, èyí sì ni Àìná kò retí, nítorí láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ ti mú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó bọ́ súútánà, ó wọ ṣòkòtò àti bùbá, ó ní òun ń bọ̀. Àìná bi í níbo ló ń lọ. Ó ní Yankaba.

Yankaba ni Ìyá Ògo ń gbé, obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ níbẹ̀, tó ń se ìrẹsì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ohun tí Wòlíì rò ni pé kò sí ọmọ tí kì í fi fídíò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó bá obìnrin náà nídìí ààrò, ó sọ ohun tó gbé òun wá, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà. Ìyá Ògo fi ọwọ́ tí ẹ̀wà lílọ̀ ti lẹ̀ mọ́ na fóònù rẹ̀ sí i pé kó máa wá a. Wákàtí méjì ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń yí fóònù náà sókè sódò láàárín ẹgbẹ̀rún fídíò àdúrà àárọ̀, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń kí i ní "sannu, Malam", ó ń dá wọn lóhùn láìgbójú sókè. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ti rí fídíò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ògo ti sọ pé márùn-ún ni òun pa rẹ́. Ó fi mẹ́ta náà pa mọ́ sórí fóònù tirẹ̀ àti sórí fíláàṣì, ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí obìnrin náà fi dandan lé, ó padà sílé.

Àìná kò mọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí láti wá irinṣẹ́ tó fúyẹ́ ju ti Adé lọ, kí wọ́n sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí Adé sọ fún un, ó fi ọwọ́ nu eruku kúrò léjìká àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí eruku níbẹ̀.

Yàrá ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Àìná ti wá kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ti Gashua gan-an, ó gbé e sáàárín tábìlì. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ṣe é ni pé wọ́n á wo iye àyè tó ṣófo, wọ́n á gbé irinṣẹ́ kan àti èdè tó nílò wọlé, wọ́n á tún wo iye tó kù, wọ́n á sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé òmíràn wọlé. Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń kọ ọ́ sí. Python, pẹ̀lú irinṣẹ́ Adé, jẹ lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì. Wọ́n gbìyànjú òmíràn tó nílò èdè tí wọ́n ń pè ní Perl. Ó fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí Gashua lè gbé. Irinṣẹ́ àtijọ́ kan wà tí Àìná fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, tí kò nílò èdè kankan, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè rárá, ṣùgbọ́n kò lè dá yẹ àmì ohùn wò, kò sì lè to atọ́ka. Á ṣì ku ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí akọ̀wé máa fọwọ́ tẹ̀.

Àìná ní ó tó bẹ́ẹ̀, pé mẹ́fà dára ju mọ́kànlá lọ. Ó ní ohun tí kò bá tó kì í pa èèyàn lára, ohun tó bá pọ̀ jù ló ń pa á lára.

Ibẹ̀ ni Adémúyìwá ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún yín."

Ó sọ fún un pé ní Hadejia, obìnrin àgbà kan wà, Ìyá Olúwabùsọ́lá, tí Ẹ̀mí fún ní orin kan lọ́jọ́ ìsinmi kan. Akọ̀wé ibẹ̀, Ọlọ́runṣẹ́gun, kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń tún ìwé orin tò, ó fo ìgbésẹ̀ keje, èyí tó ń fi orin tuntun oṣù náà kún ìwé, kò sì mọ̀ pé òun fò ó, nítorí kò sí ohun tó pariwo. Orin náà kò wọlé. Oṣù mẹ́jọ ni obìnrin náà fi ń wo ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń retí orin rẹ̀, tí kò fẹ́ béèrè kí wọ́n má baà ní ó ń gbéra ga. Ó kú nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n ń wá orin tí wọ́n máa kọ níbi ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Àìná bi í.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé ìgbésẹ̀ yẹn. Mo mọ bó ṣe máa rí lára yín. Mo ní kí n kàn wá ohun tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́, kí ẹ má tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí."

Àìná wo ìwé ọlọ́ràá tó wà lára ògiri, ìwé ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, tí òun fúnra rẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí. Ìgbésẹ̀ keje wà níbẹ̀ gedegbe. Ọdún méjìlá ló ti ń fi bí ohun náà ṣe fúyẹ́ yangàn, kò sì béèrè rí iye èèyàn tó ṣubú nídìí rẹ̀. Adémúyìwá lọ bu omi wá fún un nínú àmù. Ó mu ún. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi lé irinṣẹ́ àtijọ́ tó fẹ́ràn náà lórí ìwé, ó ní kí wọ́n máa wá òmíràn.

Èyí tí wọ́n rí gbẹ̀yìn ni èdè kan tí wọ́n ń pè ní Lua. Àìná ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò kàn kà á sí. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n wọn, wọ́n rò pé àwọn ṣe àṣìṣe, nítorí iye àyè tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Odidi èdè náà kò tó mẹ́gábáìtì kan. Adémúyìwá wo inú ìwé rẹ̀, ó rí i pé wọn kò tiẹ̀ ní láti ní kí akọ̀wé kankan gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè kó àkọsílẹ̀ èdè náà fúnra rẹ̀ sínú fódà kan náà pẹ̀lú ìwé orin. Kọ̀ńpáílà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ kọ́ èdè náà jáde, èdè náà á wá to ìwé orin. Kò sí ohun tí wọ́n máa wá lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tí wọ́n máa pa rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni akọ̀wé máa tẹ̀, bí Adé ṣe fẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́. Adémúyìwá ń kùn lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kó kúrò nílé ńlá wá sí yàrá kan. Ohun tí Python ti ṣe sílẹ̀ fún èèyàn, tí kò ju kó pè é lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní láti kọ ọ́ ní Lua. Àìná ń dín àkàrà fún un, ó ń fi kunun gyada, ẹ̀kọ ẹ̀pà àwọn Hausa, tì í, ó sì ń sọ fún un pé kó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to atọ́ka orin, Àìná sì rí i pé gbogbo orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Y, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ àti Ṣ. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb sì dà rú mọ́ ti G. Inú Adémúyìwá dùn díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rí i báyìí, pé ìyẹn ni ìyà ohun kékeré, pé kò gbọ́ Yorùbá. Àìná ní kó ṣí èyí tó fi Python tò kí wọ́n wo tiẹ̀. Ó ṣí i. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ atọ́ka. Ẹ wà níbẹ̀, lẹ́yìn Y, Ọ àti Ṣ sì wà nítòsí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ti Lua. Bó ṣe tóbi tó yẹn náà, ọwọ́ kan náà ló fi tò ó. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń sáré, kò sì sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀ ìwé.

Adémúyìwá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran Àìná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi yọjú wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, Àìná jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní òun ló máa kọ apá yìí. Ó ń ka lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń tẹ̀ wọ́n, a, b, d, e, ẹ, f, g, gb, Adémúyìwá sì ń kà á tẹ̀ lé e lábẹ́ ẹnu láìmọ̀ pé òun ń kà á. Nígbà tó parí, gbogbo orin wọ ipò wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ògo. Gbogbo fódà náà, àti èdè, àti orin, àti ìwé ìlànà, kò tó mẹ́gábáìtì méjì. Ó dé Gashua kí Adémúyìwá tó sọ gbólóhùn ìkíni rẹ̀ tán lórí fóònù. Ògo tẹ ọ̀rọ̀ kan náà. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì dúró lójijì. Àìná di ọwọ́ Adémúyìwá mú. Ògo ka àṣìṣe náà fún wọn, ó ní ó ń sọ pé òun kò rí fódà kan tó ń jẹ́ "Orin". Adémúyìwá ronú díẹ̀, ó bi í kí lorúkọ tó sọ fódà tirẹ̀. Ó ní "Orin Gashua". Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ṣì irinṣẹ́ náà lọ́nà. Adémúyìwá tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún fi í ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró. Wọ́n gbọ́ Ògo tó ń ka orin tuntun ẹ̀ka wọn láti ojú kọ̀ǹpútà, ó ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti pẹ́ tó ń retí rẹ̀.

Adémúyìwá ní kó má tíì gbé fóònù sílẹ̀, pé nǹkan mìíràn ń bọ̀. Ó fi fídíò mẹ́ta náà ránṣẹ́. "Mẹ́ta ni mo rí, ọmọ mi," ló wí fún un. "Mi ò rí méjì tó kù. Dárí jì mí."

Wọ́n gbọ́ ìró fídíò tó ń ṣeré, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tó ń pariwo "taata" bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọdé kan wọlé, Tolúwalọpẹ́ fúnra rẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí, tó ń bi ìyá rẹ̀ ní Hausa ta ni ọmọ yẹn: "Mama, wace ce wannan?"

"Ìwọ ni," Ògo wí. "Wò ó, ìwọ ni."

Nígbà tí Ìkórè fi máa dé, ẹ̀ka méjìlá ti ń lo èyí tí wọ́n fi Lua ṣe. Ẹ̀ka méjì tó kù ní kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì ní ti Python tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé ó ń sọ àṣìṣe wọn fún wọn lọ́nà tó yé wọn. Àìná ní kí wọ́n máa lò ó, pé ẹni tó bá ní àyè lè gbé ohun tó wù ú. Adémúyìwá sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń wá fáìlì, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan ló kù tí Àìná kò fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Ìkórè, ó ní òun fẹ́ lọ sí Hadejia, òun fẹ́ fi ojú òun rí i pé orin Ìyá Olúwabùsọ́lá hàn lára ògiri, kí òun sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Adémúyìwá ní òun á bá a lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọ ọkọ̀. Olúwabùsọ́lá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ orin ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró gàgàrà lára ògiri, ó dìde, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ògiri. Lẹ́yìn ìsìn, Àìná sọ fún un pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe náà ti wá. Olúwabùsọ́lá di ọwọ́ náà mú, ó ní ìyá òun ń kọ orin yẹn nínú ilé lójoojúmọ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ sí Kano, Adémúyìwá jókòó ti fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ohun tuntun mìíràn tó rí, ohun kan tó lè gbọ́ orin lẹ́nu èèyàn kó sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ títí tí wọ́n fi kọjá Ringim. Àìná fi orí ti ìjókòó, ó pa ojú dé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Adé dúró díẹ̀ láti mí, Àìná ní kó máa sọ ọ́ lọ, òun kò sùn.